Gíríìlì gáàsì àlòkù: èyí tó ń dán àti èyí tí egungun ẹ̀ ṣì le, èwo lẹ máa gbé?

Tí oṣù March bá ti ń parí lọ báyìí ní Houston tí mò ń gbé, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí gíríìlì gáàsì níwájú ilé àwọn èèyàn, àwọn kan á lẹ bébà mọ́ ọn pé ẹni tó bá wù kó wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn míì á gbé tiwọn sórí Facebook Marketplace, dọ́là 40, 80, 150, bó bá ṣe wù wọ́n. Àsìkò yẹn náà ni fóònù mi kì í sinmi. Àwọn ará wa á fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó, èwo ni kí n rà nínú méjèèjì?", tí mo bá sì ti wo fọ́tò yẹn, mo ti máa ń mọ èyí tí ọkàn wọn lọ sí. Èyí tó ń dán ni. Èyí tí bọ́nà ẹ̀ pọ̀, tó ní ilẹ̀kùn méjì nísàlẹ̀. Èkejì á ti ṣá, pákó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á ti funfun, inú ìdérí ẹ̀ á máa bó, táyà kan á ti yẹ̀. Ohun kan náà ni mo sì máa ń sọ fún gbogbo wọn: ikùn àti egungun ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ fi dídán sílẹ̀. Bọ́nà ṣe é rà, irin tá à ń tẹ́ ẹran lé ṣe é rà, rẹ́gúlétọ̀ ṣe é rà, àmọ́ tí ikùn gíríìlì bá ti lu tàbí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ti dógùn-ún wọnú, kò sóhun tẹ́ ẹ máa rà tó máa dá a pa dà.

Méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ẹ̀yìnkùlé wa

Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin ṣì ń gbé lọ́dọ̀ wa, gíríìlì méjì la ní, ẹ̀gbẹ́ ara wọn la gbé wọn sí, òjò kan náà ló ń pa wọ́n, oòrùn kan náà ló ń ta sí wọn lára. Tiẹ̀, síténlẹ́ẹ̀sì ni látòkè délẹ̀, bọ́nà márùn-ún, ẹni tó tà á fún un ní ọdún mẹ́ta péré lòun lò ó, dọ́là 120 ló san. Tèmi, Weber Genesis Silver B aláwọ̀ ewé, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni wọ́n ṣe é, dọ́là 50 ni mo rà á lọ́wọ́ bàbá àgbà kan tó ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀. Ìyàwó mi wo tèmi, ó wo ti àbúrò mi, ó ní ṣé ó dá mi lójú ṣá? Ó dá mi lójú, torí mo ti ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀ kí n tó sanwó.

Ohun tí mò ń pè ní ikùn ni àpótí tí bọ́nà wà nínú ẹ̀. Ti Silver B, alumíníọ̀mù dídà ni, ó nípọn bí ìkòkò àsè ńlá táwọn alásè fi ń se ìrẹsì ìnáwó nílé, ẹ sì mọ̀ pé ìkòkò yẹn kì í dógùn-ún, ìyá á lò ó títí á fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ti àbúrò mi, páànù fẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣẹ́ po tí wọ́n kùn ní dúdú, síténlẹ́ẹ̀sì yẹn ò ju ìta lọ. Iyọ̀ ẹran, omi ata, ọ̀rá, gbogbo ẹ̀ ló ń kán sórí páànù yẹn lójoojúmọ́ tá a bá dáná, ọ̀rinrin Houston sì wà níbẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́. Lọ́dún kejì, mo bẹ̀rẹ̀ wolẹ̀ lọ́jọ́ kan láti yọ àwo ọ̀rá ni mo rí i pé ihò ti yọ sí abẹ́ ikùn ẹ̀, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ọ̀rá sì ti ń gba ibẹ̀ kán sí ọ̀gangan ibi tí họ́ọ̀sì gáàsì gbà kọjá. Mo yọ sìlíńdà kúrò lójú ẹsẹ̀, a ò sì tan gíríìlì yẹn mọ́ láyé. Ẹran tá a fẹ́ sun lọ́jọ́ náà, orí aláwọ̀ ewé la ti sun ún.

Bọ́nà márùn-ún àti bọ́nà mẹ́ta ńkọ́? Èyí ló máa ń tan èèyàn jù. Wọ́n á kọ BTU, ìyẹn ìwọ̀n ooru, gàdàgbà síbẹ̀ bíi pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni gíríìlì ṣe ń gbóná tó. BTU yẹn ń sọ iye gáàsì tí gíríìlì lè jó láàárín wákàtí kan ni, kò sọ iye ooru tó máa dúró síbi ẹran. Silver B ò ju 36,000 lọ, àmọ́ ìdérí ẹ̀ wúwo, ó dé dáadáa, ikùn ẹ̀ sì ń di ooru mú, tá a bá tan bọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tá a dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti tó ẹran lé. Ti àbúrò mi máa ń jẹ gáàsì ju tèmi lọ, ooru á sì máa gba ẹ̀yìn sá lọ, àárín á jóná, igun á tutù, bọ̀ọ̀lì tó wà ní igun á ṣì le nígbà tí tàárín ti dúdú.

Ẹ mú òòfà kékeré kan dání tẹ́ ẹ bá ń lọ wò ó, èyí tẹ́ ẹ fi ń lẹ bébà mọ́ fìríìjì ti tó. Síténlẹ́ẹ̀sì tó dáa, èyí tí wọ́n ń pè ní 304, òòfà kì í sábà mú un. Èyí tí wọ́n ń pè ní 430, òòfà á lẹ̀ mọ́ ọn gbàgbà, síténlẹ́ẹ̀sì lòun náà o àmọ́ ó tètè ń dógùn-ún, òun ló sì pọ̀ jù lára àwọn olówó pọ́ọ́kú. Tẹ́ ẹ bá wá fi òòfà kan ikùn, tí kò mú un, tí ikùn náà sì nípọn tí kò dán, alumíníọ̀mù dídà nìyẹn, inú yín lè bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

Genesis ò jọra o

Weber yìí, àwọn kan náà tó ń ṣe gíríìlì eléèédú roboto tó dà bí igbá ni, George Stephen ló ṣe ìyẹn lágbègbè Chicago lọ́dún 1952. Ọdún 1985 ni wọ́n gbé Genesis onígáàsì jáde, àtìgbà yẹn ni wọ́n sì ti ń yí i pa dà, torí náà tẹ́nì kan bá kọ "Weber Genesis, $75" tí kò kọ nǹkan míì, ẹ ní kó ya iwájú, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, àti inú ẹ̀ fún yín.

Àwọn tó dàgbà jù, títí kan èyí tí wọ́n ń pè ní Genesis 1000 láwọn ọdún 1990, tábìlì ẹ̀gbẹ́ wọn máa ń jẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò, sìlíńdà á wà lára ìwọ̀n kan níta tó ń sọ bí gáàsì ṣe kù sí. Ọwọ́ ọ̀tún ni ibi tá a ti ń yí iná wà, wọ́n kọ FRONT, CENTER, BACK síbẹ̀, torí pé òsì sí ọ̀tún ni bọ́nà ẹ̀ sùn sí. Irin onígun tó bo bọ́nà, tí ọ̀rá ń kán sí tó ń di èéfín tó ń wọ ẹran, mẹ́tàlá ni nínú àwọn yìí. Silver B tó tẹ̀ lé e, òsì sí ọ̀tún náà ni bọ́nà ẹ̀ sùn sí, irin márùn-ún péré ló bo bọ́nà, tábìlì ẹ̀ sì kúrò ní pákó. Ẹ wá ṣọ́ra fún Silver A. Ó jọ B bí ìbejì nínú fọ́tò, àmọ́ bọ́nà méjì ló ní, ó kéré, irin tó bo bọ́nà ẹ̀ gùn tó ínṣì 21.5, ti B jẹ́ 22.5. Ẹni tó bá lọ ra irin B fún A, kò ní wọlé, mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ tó fi ayùn gé e. Ẹ ka ìyí iná ẹ̀: méjì ni A, mẹ́ta ni B, ó parí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni E-310 dé lọ́dún 2007. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ẹ̀ ni pé orúkọ kan náà ni wọ́n fi pe ẹ̀yà méjì. Ti 2007 sí 2010, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ìyí iná ṣì wà, bọ́nà ṣì sùn láti òsì sí ọ̀tún. Ti 2011 sí 2016, iwájú ni ìyí iná bọ́ sí, bọ́nà sì wá nà láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ohun èlò ọ̀kan ò wọ èkejì: irin tó bo bọ́nà jẹ́ ínṣì 24.5 lára ti àkọ́kọ́, 17.5 lára ti èkejì. Ẹ máa rí àwọn tó ń ta ohun èlò lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa kọ "fún Genesis E-310" lásán, ẹ má rà á láìjẹ́ pé ẹ ti fi téèpù wọn tiyín.

Èwo ló dáa jù nínú bọ́nà tó sùn àti èyí tó nà síwájú? Èmi fẹ́ràn èyí tó sùn. Tí mo bá fẹ́ sun odidi tọ̀lótọ̀ló tàbí ẹja kírókà ńlá tí mi ò fẹ́ kí iná bà ní tààràtà, mo máa tan ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, mo máa pa ti àárín, ẹja á sùn gbọọrọ sí àárín láti òsì sí ọ̀tún, ooru á máa ti iwájú àti ẹ̀yìn wá bá a. Ẹni tó bá sì ń sun súyà fún èrò, èyí tó nà síwájú rọrùn fún un, apá ọ̀tún á máa jó, apá òsì á wà fún èyí tó ti jinná, kò ní máa na ọwọ́ kọjá lórí iná.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀ wà lórí sítíkà kan, ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ egungun ẹ̀, ẹ wo abẹ́ ibi tí ìyí iná wà. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀, kódà tó bá ti ń parẹ́, torí pé lẹ́tà méjì tó ṣáájú nọ́ńbà Weber ń tọ́ka sí ọdún tí wọ́n ṣe é, tẹ́ ẹ bá sì pè wọ́n, òun ni nǹkan tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín.

Broilmaster, àwọn olókùúta, àti àwọn orí òpó

Weber nìkan kọ́ ló ní ara tó dáa. Tẹ́ ẹ bá rí Broilmaster, kódà tó bá dọ̀tí débi tí ẹ ò fẹ́ fọwọ́ kàn án, ẹ dúró wò ó. Alumíníọ̀mù dídà ló pọ̀ jù lára ẹ̀, bọ́nà ẹ̀ rí bíi táì tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn, èyí tó dà bí labalábá, irin ìtẹ́ran ẹ̀ sì ṣe é gbé sókè sódò. Ìyàtọ̀ ẹ̀ sí Genesis ni pé bọ́nà rẹ̀ ló gbówó lórí, torí náà ẹ yẹ ìyẹn wò kẹ́ ẹ tó sanwó: tó bá ti já tàbí tí ihò ẹ̀ ti fẹ̀ di ẹyọ kan, ẹ yọ ọ́ nínú owó tẹ́ ẹ fẹ́ san.

Àwọn olókùúta, ìyẹn àwọn tó ń tẹ́ òkúta tó ti inú òkè oníná wá (lava rock) sórí bọ́nà dípò irin, àwọn nìyẹn tó pọ̀ láyé àtijọ́. Ooru wọn dáa. Ìṣòro wọn ni pé òkúta yẹn ń mu ọ̀rá bí tìmùtìmù, tó bá yó tán iná á ń bú sókè gbùù, ẹran súyà tá a ti fi òróró àti yàjì pa lára á sì jó lẹ́yìn kó tó jinná nínú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀, ẹ da òkúta àtijọ́ nù, ẹ ra tuntun. Èmi ò ní fi ṣe súyà, ẹja tẹ́ ẹ dì sínú fóìlì ló bá a mu.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ni ti gáàsì onípáìpù. Gíríìlì kan wà tó jẹ́ pé orí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ló wà, àwọn míì ní táyà àmọ́ kò sí àyè sìlíńdà lábẹ́ wọn, họ́ọ̀sì gígùn kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ ògiri ilé. Gáàsì inú páìpù ìlú nìyẹn ń lò, gáàsì inú sìlíńdà kọ́. Méjèèjì ò dọ́gba rárá: gáàsì páìpù tó kún àpótí tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi BTU 1,000, ti sìlíńdà tó 2,500. Nítorí náà ihò tí gáàsì ń gbà jáde lẹ́nu fáàfù onípáìpù tóbi ju ti sìlíńdà lọ. Ẹni tó bá lọ ra rẹ́gúlétọ̀ sìlíńdà tó so ó mọ́ onípáìpù láìpààrọ̀ ihò yẹn, iná tó máa jáde á ju ohun tí ikùn gíríìlì lè gbà lọ fíìfíì. Tí ilé yín ò bá ní páìpù gáàsì dé ẹ̀yìnkùlé, ẹ fi onípáìpù sílẹ̀, kódà tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́.

Sìlíńdà tó bá a wá

Ọ̀pọ̀ nínú wa, sìlíńdà kílò 12.5 tilé la mọ̀. Ti gíríìlì níbí ni wọ́n ń pè ní páùn 20, kò ju bíi kílò mẹ́sàn-án lọ, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gba òfìfo tí wọ́n ń fúnni ní kíkún, páùn 15 ni wọ́n ń rọ sínú ẹ̀, torí náà ó sàn kẹ́ ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń bu ú lójú yín.

Tẹ́ni tó ta gíríìlì bá fún yín ní sìlíńdà pẹ̀lú ẹ̀, ẹ wo ọwọ́ tá a fi ń ṣí i. Tó bá jẹ́ onígun mẹ́ta, ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní OPD nínú, ìyẹn tí kì í jẹ́ kí gáàsì kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá jẹ́ roboto bí òdòdó, ti àtijọ́ ni, láti April 2002 sì ni òfin ààbò ti ní kí wọ́n má bu gáàsì sí irú ẹ̀ mọ́. Ẹ dá a pa dà fún un. Họ́ọ̀sì náà bákan náà: ti àtijọ́, inú ẹnu sìlíńdà ni wọ́n ń dè é sí, òdì lẹ máa yí i, sípánà lẹ sì máa fi mú un le. Ti ìsinsìnyí, ọwọ́ lásán lẹ fi ń yí i sí ọ̀tún, ike ńlá tẹ́ ẹ̀ ń yí yẹn sì wà fún ààbò, tí ooru tó pọ̀ bá dé bá a, ó máa yọ́, gáàsì á dúró. Gíríìlì tó ti pẹ́ tó ṣì ní họ́ọ̀sì àtijọ́ ò burú, ẹ ra họ́ọ̀sì àti rẹ́gúlétọ̀ tuntun fún un, ẹ má lo ti tẹ́lẹ̀. Èmi kì í tiẹ̀ lo họ́ọ̀sì tó bá gíríìlì àlòkù wá rárá, bó ti wù kó rí.

Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ tó ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn da gíríìlì tó dáa nù. Wọ́n á ní iná ẹ̀ ò lágbára mọ́, ó ti kú. Rẹ́gúlétọ̀ ìsinsìnyí, tó bá rí i pé gáàsì ń sáré jáde lójijì, ó máa rò pé họ́ọ̀sì já ni, ó máa fún un pa. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí ìyí iná sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí sìlíńdà, tàbí tẹ́ ẹ bá ṣí sìlíńdà wàrà, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, iná á rí bíi ti àbẹ́là. Ẹ pa gbogbo ẹ̀, ẹ tú u kúrò lẹ́nu sìlíńdà, ẹ dúró díẹ̀, ẹ dè é pa dà, ẹ wá ṣí sìlíńdà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kẹ́ ẹ tó yí bọ́nà. Mo ti gba gíríìlì kan lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ìyẹn, mo sì sọ ohun tó ṣe é fún ẹni tó fún mi kí n tó gbé e, ó ní kí n ṣáà máa gbé e lọ.

Ohun tá a fọ̀ àti ohun tá a rà

Tèmi gba Sátidé méjì. Mo kọ́kọ́ tú gbogbo inú ẹ̀ síta, mo ya fọ́tò bí mo ṣe ń tú u. Inú ìdérí tó ń bó bí ọ̀dà yẹn kì í ṣe ọ̀dà o, èéfín àti ọ̀rá tó ti gan ni, ẹ fi ohun tó pẹlẹbẹ ha á, ẹ fọ̀ ọ́, ìdérí Weber tí wọ́n fi tánganran bò á ṣì wà lábẹ́ ẹ̀ bó ṣe wà.

Inú ikùn, omi gbígbóná, ọṣẹ abọ́, àti ohun tẹ́ ẹ fi máa ha ọ̀rá ti tó. Ẹ má fi ohun tí wọ́n fi ń fọ inú ofúnù sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, sódà tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ ló wà nínú ẹ̀, ẹni tó bá sì ti rí i tí wọ́n da sódà sínú ìkòkò alumíníọ̀mù rí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó máa hó yaa, ó máa jẹ ẹ́. Bó ṣe máa jẹ ikùn gíríìlì nìyẹn, ohun kan ṣoṣo tí ìpẹtà ò lè mú ni ẹ fọwọ́ ara yín bà jẹ́ yẹn.

Bóòtù ló le jù. Irin tó bá wà nínú alumíníọ̀mù fún ogún ọdún máa ń lẹ̀ mọ́ ọn bíi pé wọ́n jó wọn pọ̀. Ẹ fọ́n òróró tó ń wọnú irin sí i lálẹ́, ẹ fi sílẹ̀ di àárọ̀, ẹ tún fọ́n ọn. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ fi iná kékeré gbóná ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti nu òróró yẹn kúrò pátápátá. Ẹ má fi agbára já a, orí ẹ̀ á ṣẹ́ sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀ẹ́ wá máa wá ẹni tó máa lu ihò. Tí bóòtù kan ò bá dí yín lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Bọ́nà Silver B mi ti já lápá kan, mo ra mẹ́ta tuntun ní dọ́là 45. Irin tó bo wọn, dọ́là 35. Rẹ́gúlétọ̀ àti họ́ọ̀sì, 25. Ọ̀dà tó ń gba iná, èyí tí wọ́n kọ 1200 Fahrenheit sí lára, dọ́là 8, ìta ikùn nìkan ni mo kùn, ẹ má kun inú, ibẹ̀ ni oúnjẹ wà. Irin ìtẹ́ran, mo fọ̀ ọ́ ni, mi ò ra tuntun. Tẹ́ ẹ bá ro ó pọ̀ mọ́ dọ́là 50 tí mo rà á, gbogbo ẹ̀ jẹ́ dọ́là 163. Èyí ju ohun tí àbúrò mi san lọ lọ́jọ́ tó rà á, òótọ́ ni, àmọ́ tiẹ̀ ti lọ sáàtàn, tèmi la ṣì ń lò. Tẹ́ ẹ bá sì ń lo búrọ́ọ̀ṣì onírin láti fọ irin ìtẹ́ran, ẹ fi aṣọ tútù nu ún lẹ́yìn ẹ̀, irun búrọ́ọ̀ṣì yẹn máa ń já sára irin, ó máa ń bá ẹran wọ ọ̀nà ọ̀fun.

Kẹ́ ẹ tó tò ó pa dà, ẹ yẹ inú páìpù bọ́nà wò, kódà tó bá jẹ́ tuntun tó ti pẹ́ nílé. Aláǹtakùn fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Lọ́dún 2011 Mazda pe mọ́tò Mazda6 pa dà ní Amẹ́ríkà nítorí aláǹtakùn tó ń ta jàǹkárìwọ̀ sínú páìpù táǹkì epo, ti gíríìlì ò yàtọ̀. Tó bá ti dí páìpù, gáàsì á máa pa dà sẹ́yìn, iná á jó lábẹ́ ìyí iná níbi tí ọwọ́ yín wà. Ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní irun gbá inú ẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń tò ó pa dà, ẹ rí i dájú pé ẹnu páìpù bọ́nà kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí imú fáàfù tiẹ̀, tó bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ péré, ìta ni gáàsì ń lọ.

Lẹ́yìn náà ọṣẹ. Ẹ po ọṣẹ abọ́ mọ́ omi kó ki, ẹ ṣí sìlíńdà, ẹ má tíì tan nǹkan kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọṣẹ yẹn sí gbogbo oríkèé láti ẹnu sìlíńdà títí dé fáàfù. Ibi tó bá ń ru ìfófó, gáàsì ń jò níbẹ̀. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń sùn sí, torí náà ẹ má ṣe é nínú gáréèjì, ìta gbangba ni. Iná tó dáa á jẹ́ búlúù, orí ẹ̀ lè pọ́n díẹ̀, tó bá pọ́n látòkè délẹ̀, afẹ́fẹ́ ò tó nínú páìpù, ẹ pa dà lọ wo aláǹtakùn yẹn.

Ìgbà tí mo máa ń ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀

Ẹ gbé ìdérí Genesis sókè, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí táyà àti bóòtù ti pàdé. Ibẹ̀ lomi ń dúró sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú tọ́nà, tó bá wọlé, ẹ máa lọ. Àwọn gíríìlì tó wá láti Galveston létí òkun, mo máa ń yẹ tiwọn wò lẹ́ẹ̀mejì, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń ṣe wọ́n bó ṣe ń ṣe páànù ilé ní Lẹ́kí. Tí ikùn bá ti sán, ẹ máa lọ. Ẹ ṣáà má kọ gíríìlì torí pé ìṣáná ẹ̀ ò ṣá mọ́, ìyẹn ò tó nǹkan, ìṣáná gígùn lẹ lè máa fi tan án títí ẹ ó fi ra tuntun. Tó bá sì jẹ́ àpátímẹ́ǹtì lẹ̀ ń gbé, ẹ bi wọ́n ní ọ́fíìsì kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan kan, ọ̀pọ̀ ibi ni kì í gbà kí wọ́n lo sìlíńdà lórí bákónì.

Àná ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ láti Dallas. Ọ̀kan jẹ́ E-310 tí ìyí iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, dọ́là 90, ìdérí ẹ̀ mọ́ nigínnigín, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti wú níbi bóòtù. Èkejì jẹ́ Genesis 1000, dọ́là 40, pákó ẹ̀ ti rà tán, sìlíńdà roboto ìgbà láéláé wà lára ìwọ̀n ẹ̀, inú ẹ̀ kún fún ewé. Mo ní kí wọ́n bá mi tẹ ẹsẹ̀ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú tọ́nà, wọ́n ní ó le kankan. Mo ní kí wọ́n gbé ti dọ́là 40, kí wọ́n fi sìlíńdà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, kí wọ́n wọn pákó ẹ̀ kí wọ́n tó jù ú nù, kí wọ́n sì fi fọ́tò inú ikùn ẹ̀ ránṣẹ́ tí wọ́n bá ti kó ewé yẹn kúrò, ká lè mọ iye irin tó kù nínú mẹ́tàlá.